ALÁGBÀṢE TÍ Ń BẸ NÍ ÀBÀ: EWU TÍ Ó YÍ I KÁ, ÀTI OJÚṢE ẸNI TÍ Ó GBÀ Á SÍ IṢẸ́

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ sì ti dẹ̀ tó fún ebè kíkọ, àwọn àlejò a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní Àrámọkọ, àti ní Ìjerò. Àpò kan, ẹní kan, àdá kan àti ọkọ́ kan ni gbogbo ẹrù wọn. Ará Ìgbìrà wà nínú wọn, láti Òkènè àti agbègbè rẹ̀. Ará Tífì àti ará Àgátù wà níbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Bẹ́núé. Bẹ́ẹ̀ ni ará Ìgèdè pẹ̀lú, èyí tí í ṣe Ìgèdè ti Bẹ́núé, kì í ṣe Ìgèdè-Èkìtì tí ó wà láàrin Àrámọkọ àti Adó. Wọn a tẹ̀ lé ẹni tí ó gbà wọ́n lọ sí àbà, ìlú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́, bí kò ṣe ní ọjọ́ ọjà, tàbí ní ọjọ́ tí a bá gbé ọ̀kan nínú wọn wá sí ilé-ìwòsàn lórí alùpùpù.

Ọjọ́ ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí olúkúlùkù àgbẹ̀ tí ń gba alágbàṣe rò tẹ́lẹ̀, kí ó tó dé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣu tí ń bẹ ní ọjà Àrámọkọ, àti kòkó tí a ń sá sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ẹ̀fọ̀n, ọwọ́ àwọn àlejò wọ̀nyí ni ó ti jáde wá. Ẹni tí ó bá jẹ nínú làálàá ẹlòmíràn, ó yẹ kí ó mọ ohun tí làálàá náà ń ná an.

ÀWỌN BABA PẸ̀LÚ ṢE ALÁGBÀṢE RÍ

Kò yẹ kí ará Èkìtì fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn baba wọn ṣe é rí. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wá ní ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Oǹdó, tí ó sì di dandan kí olúkúlùkù ọkùnrin wá owó-orí tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin Èkìtì fi ilé sílẹ̀ lọ gba iṣẹ́ oko ṣe ní ilẹ̀ onílẹ̀, kí kòkó tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ tiwọn. Àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn lọ títí dé ilẹ̀ Gánà. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ sì pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ni ó padà bọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo.

Ìtàn tí ó burú jù èyí lọ wà. Ní 1930, ìgbìmọ̀ tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè gbé kalẹ̀ ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Làìbéríà, wọ́n sì rí i pé a ti fi agbára kó àwọn ọkùnrin lọ sí oko kòkó ní erékùṣù Fernando Po, tí ó wà lábẹ́ Spéènì nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ààrẹ Làìbéríà fi ipò sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Nàìjíríà àti ti Spéènì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1942 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí yóò máa lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù yìí kan náà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ẹni tí ó jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀ nílò àdéhùn tí ojú ẹlòmíràn rí, nítorí kò sí ẹbí nítòsí tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

IBÙSÙN ÀTI OMI

Bí a bá fẹ́ mọ ewu tí ń bẹ lára alágbàṣe, kí a kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ó ń sùn. Ahéré tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, tí kò ní ilẹ̀kùn tí ó dé, ni ilé púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀fọn ń wọlé láìsí ìdíwọ́. Láti 1897 tí Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà, kò sí àwáwí mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti wí pé oòrùn tàbí epo ni ó fa ibà. Àwọ̀n tí a fi oògùn rẹ̀ kò wọ́n tó iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan tí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ yóò pàdánù. Kí ẹni tí ó gba ènìyàn mẹ́rin ra àwọ̀n fún ènìyàn mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ó ti ra ọkọ́ fún wọn.

Eku ni ewu kejì nínú ahéré, nítorí ibi tí oúnjẹ wà ni alágbàṣe ń sùn. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969 tí a sì fi orúkọ ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn pè, ara eku ilé kan ni ó ti ń wá, nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ, tàbí nígbà tí a bá ń pa á jẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó bá Èkìtì pààlà, wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ni a mọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ibà lásán. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti lo oògùn ibà tí ó péye fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ara rẹ̀ kò sì balẹ̀, kí a má ṣe tún ra oògùn mìíràn fún un lọ́wọ́ akiri. Kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Kí a sì máa kó gàárì, àgbàdo àti ìrẹsì sínú ohun tí ó ní ìdérí.

Ní ti omi, ìtàn sòbìà yẹ kí ó fi ọkàn àgbẹ̀ balẹ̀ pé ìwà díẹ̀ lè ṣẹ́gun àrùn ńlá. Nígbà tí a ka àwọn tí sòbìà ń dà láàmú ní Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí omi adágún tí wọ́n ń mu ní oko. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ń pa á. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga tí ó dára, àti kíkọ̀ fún ẹni tí sòbìà ń yọ láti wọ inú omi mímu, àwọn ni ó lé e lọ. Ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ni a rí ní 2008, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní ilẹ̀ yìí. Aṣọ àti ìkòkò ni ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi tí a sè tí a sì bò yóò ṣe sí àrùn onígbá-méjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ní àbà.

ÀDÁ, IGI ÀTI EJÒ

Ọgbẹ́ àdá wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi kà á sí nǹkan mọ́. Alágbàṣe a fi ewé tàbí èédú di ojú rẹ̀, yóò sì padà sí ẹnu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú erùpẹ̀ àti nínú ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, àrùn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ há, tí ó sì ń tẹ ẹ̀yìn ènìyàn bí ọrun. Ọgbẹ́ kékeré tí ó jìn ni ó fẹ́ràn jù. Kí a fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ dáadáa, kí a fi aṣọ mímọ́ dì í, kí a sì lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé kí ọgbẹ́ tó dé ni ó gbọ́n jù.

Ẹni tí ń ká kòkó tàbí obì, kí ó fi gọ̀ǹgọ̀ ká a láti ilẹ̀, kí ó má ṣe gun ẹ̀ka tí òjò ti mú yọ̀. Ẹni tí ń gun ọ̀pẹ, kí ó yẹ igbà rẹ̀ wò ní òwúrọ̀, nítorí ọ̀pẹ kì í dárí ji okùn tí ó ti gbó.

Ní ti ejò, mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi han àlejò ní ọjọ́ tí ó dé: paramọ́lẹ̀, tí ń ká jọ sínú ewé, ọ̀ká, tí ó sanra tí ó sì ń lọ́ra, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ, àti sèbé, tí ń gbé orí sókè. Ní ìgbà ìkórè kòkó, àwọn tí ń ṣa odó kòkó jọ a máa ti ọwọ́ òfìfo bọ inú ewé. Kí a fi igi tú ewé kí ọwọ́ tó kàn án. Bàtà rọ́bà tí ó ga dé agbede-méjì ojúgun gbà ju oògùn ìṣọ́ra lọ, nítorí ẹsẹ̀ ni ejò sábà máa ń bù. Lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde láìsí iná lọ́wọ́.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Kí a fi igi tí ó tọ́ di ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kí ó má ba à mì. Kí a bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí ó tó wú. Kí a sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn láìdúró. Kí a má ṣe fi abẹ gé ojú rẹ̀, kí a má ṣe fi ẹnu fà á, kí a má ṣe fi okùn dì í pinpin, nítorí okùn bẹ́ẹ̀ a máa pa ẹsẹ̀ tí oró ejò kò tíì pa. Bí oró bá ta sí ojú, kí a fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ejò bíbuni-jẹ mọ́ àwọn àìsàn tí ayé ti gbàgbé, tí ó yẹ kí a tún rántí. Alágbàṣe ni ó wà ní iwájú nínú àwọn tí a gbàgbé náà.

MÁJÈLÉ NÍNÚ ÌGÒ

Ewu kan wà tí àwọn baba kò mọ̀. Ní ayé tiwọn, àdá àti ọkọ́ ni a fi ń ro oko. Nísinsìnyí, oògùn tí ń pa koríko ti gba iṣẹ́ ọkọ́ ní ọ̀pọ̀ oko, alágbàṣe ni ó sì ń gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, lọ́pọ̀ ìgbà láìní ìbọ̀wọ́, láìní bàtà, láìní ìbòmú. Pọ́ǹpù tí ó ń jò a máa rin ín lẹ́yìn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, awọ ara a sì máa mu májèlé náà.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ Gammalin 20, èyí tí a fi pa kòkòrò kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan dà á sí odò láti fi pa ẹja, wọ́n sì tà á fún ọmọnìkejì wọn. Ní 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn Stockholm fi lindane, tí í ṣe agbára inú oògùn náà, sí ara àwọn májèlé tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò ní ayé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń pani kíákíá jù ni paraquat, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Gramoxone. Ẹnu kan ṣoṣo tó láti pa àgbàlagbà. Kò ní ẹ̀rọ̀. Ọ̀fun a kọ́kọ́ bó, kíndìnrín a rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró a sì máa le ní ọjọ́ dé ọjọ́ títí èémí yóò fi di ohun tí a ń wá, bẹ́ẹ̀ ni iyè ẹni náà yóò ṣì pé. Àjọ NAFDAC, tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fi òfin dè é láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ṣùgbọ́n òfin kì í dá wọ àbà lọ kó ìgò tí ó kù lábẹ́ ibùsùn. Àgbẹ̀ ni yóò kó o.

Ní ìgò ni ibi tí ikú ti ń wọlé jù. A ó bu oògùn sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, a ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ omi mímu. Alágbàṣe tí kò gbọ́ èdè, tí kò sì mọ ìwé kà, yóò dé láti oko ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú òùngbẹ. Kò sí ìdí mìíràn tí a ó wá. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ pa òfin mẹ́fà yìí mọ́:

1. Kí oògùn má ṣe kúrò nínú ike tí a rà á sí, kí ike náà sì wà nínú àpótí tí a tì, jìnnà sí ibùsùn àti oúnjẹ.

2. Kí ẹni tí yóò fọ́n ọn wọ aṣọ alápá gígùn, bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí ẹ̀fúùfù sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

3. Kí a má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹnu pọ́ǹpù tí ó dí.

4. Kí a má ṣe jẹun, kí a má ṣe mu sìgá, títí a ó fi fi ọṣẹ wẹ̀. Kí a dá fọ aṣọ iṣẹ́ náà lọ́tọ̀.

5. Kí a lu ike tí ó ti ṣófo jálẹ̀ kí ó má lè gba omi mọ́. Kò sí fífọ̀ tí ó lè sọ ọ́ di ike epo.

6. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, kí a má ṣe fi ipá mú un bì, kí a má ṣe fi epo gbẹ́kẹ̀ lé. Kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn pẹ̀lú ike náà, kí dókítà lè mọ ohun tí ó jẹ́.

Kí a má sì ṣe di gbogbo ikú òjijì ru oògùn oko. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́jú lójijì, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan wí pé òrìṣà ń bínú, àwọn mìíràn wí pé oògùn apakoríko ni. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, methanol ni, ọtí burúkú tí ó ti dà mọ́ ògógóró. Ọ̀pọ̀ alágbàṣe ni ń mu ògógóró ní alẹ́ kí ara ríro lè fò ó. Oúnjẹ tí ó tó àti oorun ni oògùn ara ríro.

ORÚKỌ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÌWÉ

Ní ẹ̀bá àwọn odò tí omi wọn ń sáré lórí àpáta, irú èyí tí ó pọ̀ láàrin àwọn òkè Èkìtì, kòkòrò dúdú kékeré kan wà tí ń jẹni ní ọ̀sán. Òun ni ó ń gbé àrùn tí ń fa ara yíyún, tí ó sì ń fọ́ni lójú nígbẹ̀yìn. Láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti ṣe ìlérí láti máa fi oògùn rẹ̀, Mectizan, ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ, a sì ń pín in láti abúlé dé abúlé. Ẹni tí ń pín in a máa tẹ̀ lé ìwé tí ó kọ orúkọ àwọn ará ilé sí. Alágbàṣe kò sí nínú ìwé ti Èkìtì. Ní ìlú rẹ̀ pẹ̀lú, kò sí nílé ní ọjọ́ tí a ń pín in. Ó wá bọ́ sí àárín ìwé méjì. Kí àgbẹ̀ rí i pé a kọ orúkọ àwọn alágbàṣe rẹ̀ mọ́ ti agbo ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni yóò ná an.

OWÓ IṢẸ́ ÀTI ỌGBẸ́ TÍ A FI PAMỌ́

Gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àdéhùn. Púpọ̀ nínú àwọn alágbàṣe ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, tí a ó sì san owó wọn nígbà tí a bá ta kòkó. Bí ejò bá bu ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ ní oṣù kẹjọ, ta ni yóò san owó ilé-ìwòsàn? Bí ó bá dùbúlẹ̀ fún oṣù kan, ṣé a ó yọ ọ́ nínú owó rẹ̀? Bí a kò bá ti sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀, alágbàṣe yóò fi ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́. Yóò so aṣọ mọ́ ọn, yóò máa tiro lọ sí oko, títí yóò fi di ohun tí a kò lè wò mọ́. Àìmọ̀ kọ́ ni ó pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù kí owó ọdún má ṣe bọ́ ni.

Ní 2001, àjọ àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe ìpinnu ní Jẹ́nẹ́fà pé alágbàṣe onígbà díẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ààbò kan náà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí ń bẹ títí. Òfin Nàìjíríà ti 2010 pẹ̀lú ti fi ìlànà lélẹ̀ fún owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà ní Àbújá kì í yára dé àbà bí àdéhùn tí a ṣe ní ojú ẹlẹ́rìí. Kí a sọ iye owó. Kí a sọ ọjọ́ tí a ó san án. Kí a sọ pé owó ìtọ́jú ọgbẹ́ tí ó bá ti oko wá, ti onílé ni, kò sì ní í yọ kúrò nínú owó ọdún. Kí a wí i ní èdè tí àlejò náà gbọ́, bí ó tilẹ̀ gba kí a wá ògbufọ̀. Bí ẹni tí ń kó alágbàṣe wá bá sì mú ọmọdé wá, kí àgbẹ̀ dá a padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò fi àyè gba irú òwò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí-ọkàn kò sì nílò òfin láti mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí ń lọ sí ilé Ọlọ́run mọ̀ pé Òfin Mósè pàṣẹ kí a mọ odi yí òrùlé ilé tuntun ká, kí ẹnikẹ́ni má ba à já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má ba à wà lórí onílé; ó sì pàṣẹ kí owó alágbàṣe má ṣe di ọjọ́ kejì. Wọ́n mọ̀ pé Rúùtù, àlejò láti Móábù, rí omi mu ní oko Bóásì, Bóásì sì kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin rẹ̀ kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Àwọ̀n ẹ̀fọn, bàtà rọ́bà, omi tí a sè, ọṣẹ, aṣọ mímọ́ fún ọgbẹ́ àti àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́: èyí ni odi orí òrùlé fún àgbẹ̀ Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n.

Ohun kan kù, tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kí olúkúlùkù àgbẹ̀ ní ìwé kékeré kan nílé, kì í ṣe ní àbà, tí ó kọ orúkọ alágbàṣe rẹ̀ sí, àti orúkọ baba rẹ̀, ìlú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà tẹlifóònù ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n. A ti sin àwọn àlejò kan ní ẹ̀gbẹ́ oko tí ìyá wọn ṣì ń retí wọn ní ìgbà ọdún. Ìwé kékeré yìí kò lè dá ikú dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé pọ́ǹpù tí ń jò kọ́ ọ lẹ́yìn.